Ọwọ́ Rẹ Dáa, Ẹnu Rẹ Ni Mi Ò Rí

Ọjọ́ Ajé, òjò àkọ́kọ́

Ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn yìí lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé àwo sílẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù mìíràn, kó sinmi. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní fi etí kan gbọ́ mi kẹ́ ẹ fi ìkejì gbọ́ ẹlòmíì.

Mi ò mọ̀wé kọ, ẹnu ni mo fi ń kọ tèmi. Ọmọ mi obìnrin ló gbé fóònù rẹ̀ àtijọ́ lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa yìí, kẹ́ ẹ máa sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́. Àwọn ọmọ máa fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan." Mo ní ó ṣeun. Ìgbà tó jáde tán ni mo tó rò ó wò. Ọmọ yìí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kó tó bọ́ bàtà, èmi ti to ìròyìn sílẹ̀ dè é. Kò lè sọ pé kí n dákẹ́. Ó wá etí mìíràn fún mi. Ọgbọ́n wà nínú ọmọ yẹn.

Ó dáa náà. Fóònù, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo wá bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, torí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ rẹ̀ yẹn ló ń pè mí ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọmọ-ọmọ mi ló jogún ẹnu náà, Rédíò Kékeré là ń pè é. Láàárín rédíò méjì, ìyá rẹ̀ dákẹ́ bí ògiri tí wọ́n gbé wa kọ́ sí.

Ọjọ́rú

Télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Oyún rẹ̀ ti yọ síta dáadáa, ó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jìnnà sí ara kó tó lè jókòó tì í. Ó ní iṣẹ́ kí gan-an ni ọmọ mi tún ń kọ́, ṣebí ó ti di dókítà.

Mo ní, "Ó ti di dókítà. Ó ti kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń kunni lóorun kí wọ́n tó lani pẹ̀lú, ó ti gbàwé ẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Ti aláboyún nìkan. Ọdún kan gbáko, aláboyún ṣáá, nílé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà yẹn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni, wọ́n á fi gún àárín eegun méjì lẹ́yìn. Ìdajì ara obìnrin á sùn, ìdajì yòókù á jí kalẹ̀, á máa wojú wọn."

Télọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara ẹ̀. "Wọ́n á máa là mí, màá máa wò?"

"Wọ́n á ta aṣọ sáàárín. O ò ní rí nǹkan kan."

"Màmá, èmi á fúnra mi bí i ni o."

"Bí gbogbo wa ṣe máa ń wí nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀yìn mi ti di ìwé. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ mi ní kí n jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, kí n tẹrí ba, kí n ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tínú ń bí. Ó ń fi àtàǹpàkò wá àlàfo eegun, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó ní, "Ẹni tó bá rọ́nà lẹ́yìn yín, Màmá, kò sẹ́yìn aláboyún tó máa sọnù sí." Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Èmi sì ń sọ ìtàn kan fún un bó ṣe ń wá a, ìtàn gígùn tó dáa. Mo sọ ọ́ parí. Ó ní, "Mo ti rí i." Eegun ló rí. Kò gbọ́ ìtàn kankan.

Rédíò Kékeré náà ní kí wọ́n ka tòun. A ka tiẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Ọmọ mi ò jẹun. Ìrẹsì tutù sórí tábìlì. Mo wò ó, mi ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe nira fún mi tó. Ìgbà tó yá ló sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ eegun ẹja lẹ́nu.

Obìnrin kan ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọmọ mi ló gún un lábẹ́rẹ́. Ohun gbogbo lọ déédéé, ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Àfi bí Ọ̀gá ṣe lọ kí obìnrin náà ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ni obìnrin onígíláàsì tó ń kọ́ wọn, wọ́n ní kì í gbóhùn sókè, gbogbo èèyàn ló sì ń bẹ̀rù ẹ̀. Obìnrin yẹn sọ fún Ọ̀gá pé, "Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́, mi ò mọ ìdí mi mọ́. Ẹnì kan jókòó níbi orí mi, kò fọhùn. Mo wá gbọ́ igbe ọmọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tèmi ni. Mo rò pé mo ti kú ni, pé ọmọ ẹlòmíì ni mò ń gbọ́."

Ọ̀gá pe ọmọ mi sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ èèyàn, mi ò tíì rí ọwọ́ tó rọ̀ báyìí. Ẹnu rẹ ni mi ò rí. Tí mi ò bá rí i kí òjò tó dá, màá gba káàdì ọrùn rẹ, kó o padà sí ibi tó o ti wá."

Káàdì yẹn ló fi ń ṣílẹ̀kùn gbogbo níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn, gbogbo ìwé tó ti kà bọ̀ látẹ̀yìn á dúró sójú ọ̀nà.

Mo fọ abọ́, mo tún abọ́ tó ti mọ́ fọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni kò kúrò lára mi. Ẹni tó wà láyé, tó gbọ́ igbe ọmọ tara ẹ̀, tó rò pé òun ti kú. Ó dà bíi pé ohùn ẹlòmíì ló ń sọ fún èèyàn pé ó ṣì wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀. Ta ló tún yẹ kó kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ, tí kì í bá ṣe èmi? Ó dé láàárọ̀, mo ní kó jókòó. Mo fún un ní ìtàn àgbò tó jẹ fìlà, èyí tí mo fi ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dé fìlà tuntun aláwọ̀ ewé lọ kí bàbá ìyàwó ẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń kí i. Àgbò ilé rò pé koríko ló hù sórí ẹ̀, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Ọkùnrin yìí ò sì lè dìde, torí àna ò tíì dáhùn, àna ọ̀hún sì jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ wúkọ́, á nu imú, á béèrè òjò, kó tó dáni lóhùn.

Mo ní kó sọ ọ́ padà fún mi.

Ó ní, "Àgbò kan jẹ fìlà. Ti ọkùnrin kan ni. Ó ń kí àna ẹ̀."

Mo ní, "Ó parí?"

"Àbí kí ló tún kù?"

Bí ẹni ń ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Rédíò Kékeré ní, "Màámi, ẹ ò sọ bí àgbò ṣe ń jẹnu." Ó sì fi hàn wá.

Ọjọ́bọ̀

Òjò látàárọ̀. Tòmátì wọ́n débi pé mo wò ó, mo kí i, mo kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló bá, ẹnu tèmi ló kó o.

Ó sọ ìtàn àgbò fún aláìsàn. Obìnrin náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti là á, ẹ̀rù ń bà á, ó ní kí dókítà sọ nǹkan kan fún òun. Ọmọ mi rò ó, rò ó, ó ní, "Àgbò kan jẹ fìlà." Pẹ̀lú ojú adájọ́. Obìnrin náà ní, "Fìlà ńkọ́?" Ó ní, "Ó jẹ ẹ́ tán." Ni ẹ̀rín bá gbé obìnrin yìí. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀, bóyá ojú yẹn ni. Ikùn ń mì, oníṣẹ́ abẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ó ní, "Ta ló ń ṣe eré níbí?" Ẹ̀rín di èébì. Nọ́ọ̀sì ń sáré, ọmọ mi ń nu ẹnu obìnrin.

Kò sí ẹni tó ṣèṣe, ọpẹ́ ni. Àmọ́ Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo ní kó o wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò ní kó o pa á lẹ́rìn-ín."

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó ń sọ ọ́, bó ṣe kan ibi tí oníṣẹ́ abẹ ti gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀rín gbé èmi náà. Mo fi etí aṣọ dí ẹnu. Ó ti rí mi. Kò bínú. Ó ní, "Màmá, ìtàn yín dáa. Kì í ṣe tèmi ni." Ó wọ yàrá, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó tilẹ̀ gbá a ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mi ò sọ ìtàn kankan fún un lánàá. Ó bi mí ṣé ara mi ò yá ni.

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù tuntun ti lé

Ọkọ rẹ̀ pè. Ó ní kó máa ṣe bí àwọn dókítà inú tẹlifíṣọ̀n, kó máa dì wọ́n lọ́wọ́ mú, kó máa pè wọ́n ní olólùfẹ́. Mo ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, bí ìyàwó ẹ bá ń pe ará ìta ní olólùfẹ́, ṣé o máa sùn?" Ó ní ó dáa, òun ti gba ọ̀rọ̀ òun padà.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé káàdì ọrùn ẹ̀ kọ́ sí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú ẹ̀ sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tòní.

Igi ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wa ti ń bó látara òjò. Rédíò Kékeré sáré kọjá níbẹ̀ láìwọ bàtà, ègé igi tínńtín wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Igbe ta. Mo gbé e lé itan, mo ní, "Má sunkún, kò ní dùn ẹ́, kò ní dùn ẹ́ rárá," bí gbogbo ìyá àgbà ṣe máa ń wí. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí, ó tàpá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi léyín.

Ìyá rẹ̀ fọ ọwọ́, ó gbé ẹ̀mú kékeré, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀.

Ó ní, "Màá fi omi nù ún. Ó máa tutù."

"Ó tutù."

"Báyìí, màá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wàá mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò ní ta ẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èyí tó kàn ló máa ta ẹ́. Díẹ̀ ni, á sì tán. Tó bá ta ẹ́, fa etí mi."

Ó fa etí yẹn bí ẹni ń fa okùn agogo. Ègé igi ti jáde. Ọmọ ò sunkún mọ́, ó fẹ́ rí i. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ̀yin máa ń sọ pé kò ní dùn mí, ó sì máa ń dùn mí. Màámi máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é."

Ìyá ẹ̀ ò mira. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ ẹ̀, ègé igi wà lẹ́nu ẹ̀mú, ó ń wo ọmọ ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, ọ̀rọ̀ tó gùn. Mo gbé e mì. Ó korò bí oògùn ibà, mo gbé e mì.

Ọjọ́rú

Ó ní òun ṣì fẹ́ lo ẹ̀yìn mi bí mo bá gbà. Mo jókòó sórí àpótí. Lónìí, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é. "Ọwọ́ mi ló fẹ́ bà yín léjìká. Mo ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ibí ni mo máa tẹ̀." Ọ̀rọ̀ kékeré, ó wúwo díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹyin lé ni lọ́wọ́. Èmi ò sọ ìtàn. Mi ò tiẹ̀ rántí èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Ajé, atẹ́gùn líle

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí ìròyìn. Mo bi í bí Ọ̀gá ṣe rí i. Ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan." Àwọn méjèèjì ti wá bára mu.

Ọjọ́bọ̀

Omi oyún Télọ̀ ti ya lọ́sàn-án yìí. Ọkọ ẹ̀ ń sáré lọ sókè sódò, ó gbé báàgì, ó gbàgbé ìyàwó. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà dábùú, pé wọ́n máa là á ni bó bá kọ̀ tí kò yípo. Télọ̀ di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó ní, "Màmá, ṣé ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Òun tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Òun náà."

Mi ò lè tẹ̀ lé wọn nítorí ọmọ. Òjò sì ń bọ̀. Mo gbàdúrà fún Télọ̀. Mo gbàdúrà fún ọmọ mi sínú tiẹ̀, Ọlọ́run á tú u sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo ti rí Télọ̀. Mo mú Rédíò Kékeré dání, a gbé búrẹ́dì àti ọsàn lọ. Ó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù tó kọjú sí ọgbà, ọmọkùnrin ló bí, ojú ẹ̀ ti rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Mi ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ó ní, "Màmá, kó tó fọwọ́ kàn mí, á sọ ọ́. Ó ní, 'Omi tútù ló kàn yìí. Èyí á ta yín bíi kòkòrò. Ẹsẹ̀ yín á máa gbóná báyìí.' Gbogbo ẹ̀ ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ó fi yìnyín kàn mí léjìká, ó tutù. Ó fi kàn mí níkùn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, 'Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ń fà, wọ́n ń tì, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó wà lórí itan yín. Bó bá dùn yín, ẹ sọ, màá ṣe nǹkan sí i.'"

Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ó bà mí. Àyà mi wá rí bí ẹni pé wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé e. Mo ní mi ò lè mí. Kò sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, 'Ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀, kí n wo agbára yín.' Mo fún un. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi. Ó ní, 'Oògùn ló gòkè dé àyà yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ bí àyà ṣe ń lọ sókè sódò. Èémí yín wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe ń rán kólà?'"

"Kólà ẹ̀wù?"

"Kólà ẹ̀wù, Màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń gé e. Bí mo bá dákẹ́, á ní, 'Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?' Ọkọ mi ò fìgbà kan bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń yí i síta, tí èèyàn ń fa igun ẹ̀ kó lè mú, ló bá ní, 'Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ tẹ́tí. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde báyìí. Igbe tẹ́ ẹ bá gbọ́, tiyín ni.'"

Télọ̀ wo ọmọ ẹ̀. "Mo sì gbọ́ ọ."

Ojú ń ta mí díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá wọn ńkọ́, onígíláàsì? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ẹnì kan dúró ti ògiri."

"Ojú ẹ̀ rí báwo?"

"Màmá, wọ́n ń là mí, ẹ ní kí n máa wo ojú ẹni tó dúró ti ògiri."

Mo ní kó má bínú. Ó gé búrẹ́dì, ó ń jẹ ẹ́. Ó ní, "Ibo lọmọ yín ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èèyàn báyẹn? Torí kì í ṣe ẹnu ẹ̀ ló mú mi dúró. Etí yẹn ni."

Mo ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Ó wò mí. Ó wo Rédíò Kékeré tó ń ṣàlàyé bàtà ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yára di ikùn mú, ó ní kí n máa lọ sílé, pé màá tú òwú iṣẹ́ abẹ òun.

Ọjọ́ Ẹtì, oòrùn

Òjò ti dá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí aṣọ ti ń gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀gá ní kí ọmọ mi wá rí òun lọ́sàn-án yìí kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó mú káàdì lórí ìṣó láàárọ̀, ó fi kọ́rùn, ó tún un ṣe níwájú dígí. Mo ní, "Ṣé o ti mọ ohun tó o máa sọ fún un?" Ó ní, "Màá gbọ́ tiwọn ná." Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Rédíò Kékeré ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ti sùn sórí àga. Ilé dákẹ́. Mo se ìrẹsì, mo bò ó. Mo ń rò ó pé láti kékeré ọmọ yẹn, gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé kí ló ń ṣe é tí kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà ń dá wọn lóhùn pé adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Mo rò pé mò ń gbèjà ẹ̀ ni. Ó jọ pé ibi tó ti ń kó nǹkan jọ nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dà sílẹ̀ látìgbà yẹn, ó ń gbọ́ ọ, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tẹ́rù ń bà. Àbí mo kàn ń fi ara mi yangàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Tí wọ́n bá gba káàdì yẹn ńkọ́? Ìgbà tí ó bá dé, mi ò mọ ohun tí mo máa wí. Ẹ ò rí i, èmi

Ẹ dúró. Ẹsẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn. Tiẹ̀ ni. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń bá ọkọ Télọ̀ sọ̀rọ̀. Kí ló ń bá a sọ tó pẹ́ tó báyìí? Ó ti ń gòkè. Kọ́kọ́rọ́ ń yí.

Káàdì wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó wà lọ́rùn ẹ̀.

"Màmá, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Mo ń gbé e sílẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ fún yín látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ mi o. Bí mo ṣe wọlé báyìí, Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú wọn—"

Bọ́tìnnì pupa dà? Ẹ jẹ́ n pa á. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀.